Jíà Ni Kí O Fi Sọ̀ Kalẹ̀ Lókè Ẹ̀fọ̀n

Pleasure,
Ọ̀nà Abẹ́òkúta,
Alimọṣọ, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àdùkẹ́, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ńkọ́, ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ? Màámi ní o sọ fún àwọn pé aṣọ òtútù lo fi ń jáde láàárọ̀ báyìí, pé kùrukùru máa ń bo òkè títí oòrùn fi ń mú. Ooru tó wà ní Pleasure níbí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí pé aṣọ òtútù wà láyé. Gbogbo wa wà dáadáa. Títì Abẹ́òkúta ṣì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n: BRT ń lọ láàárín, dánfó ń du èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó ń tajà sì ti tún sún mọ́ ojú títì sí i. Ọmọ àgbà tó ń kọ́ṣẹ́ mekáníìkì lọ́dọ̀ mi ti ṣe fírídọ́ọ̀mù, a jẹ, a mu, a sì gbàdúrà fún un. Inú rẹ̀ dùn gan-an sí owó tí o fi ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun dúpẹ́.

Màámi wá sọ èyí tó mú mi jókòó kọ̀wé: o ti ra Corolla. Kú oríire! A bá ọ yọ̀. Ọkọ̀ ayọ̀ ni yóò jẹ́, o ò ní fi ṣe àgbákò láṣẹ Èdùmàrè. Mo gbọ́ pé òun lo fẹ́ máa wà wálé nígbà ọdún, dípò kí o máa wọ ọkọ̀ èrò, pé o sì fẹ́ máa fi lọ sí Adó-Èkìtì láti ra nǹkan. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí o máa ń sọ pé "ẹ ṣé, mo ti gbọ́" kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Bó bá wà nínú ìwé, wàá lè kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ni. Ibi tí o ti kọ́ ọkọ̀ wíwà tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Ìyànà Ìpájà dé Àbúlé Ẹ̀gbá, òkè tó ga jù níbẹ̀ ni èyí tí ìjọba fi kọnkéré ṣe, ìyẹn bíríìjì Àbúlé Ẹ̀gbá tí wọ́n ṣí ní 2017. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí: o gùn ún, o sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Bíréèkì kankan kò ráyè gbóná níbẹ̀. Àmọ́ láti Ẹ̀fọ̀n dé Ẹ̀rìnmọ̀, dé Ìwàràjà, kí o tó bọ́ sọ́nà Iléṣà, ara òkè ni títì yẹn lẹ̀ mọ́. Ó ń yí, ó ń ká kò, àpáta wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì. Apá Ìtàwúrẹ́ tí o máa gbà lọ sí Adó náà kò rọrùn. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ní Pleasure, tó mọ bí a ṣe ń fara da gó-síló, tó mọ bí a ṣe ń fún dánfó láyè kó má baà gbá ni, kò tíì mọ ohunkóhun nípa irú ọ̀nà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọ sọ ọ́.

Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ìwúwo rẹ̀ ló ń tì í lọ. O gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, síbẹ̀ eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. O tẹ bíréèkì, eré náà dín kù, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú eré yẹn kò lọ sí òfìfo, ooru ló dà. Páàdì fún irin dísìkì mọ́ra, méjèèjì ń ha ara wọn, wọ́n ń gbóná. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Corolla rẹ pẹ̀lú èrò àti ẹrù nínú rẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí kílò 1,500. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó ga ní mítà 100 péré, tó sì jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló dá a dúró, ooru tí bíréèkì gbé mì tó láti mú omi tútù tó ju lítà 4 lọ hó. Orí páàdì kékeré mẹ́rin tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru yẹn ń lọ. Tírélà tó ru báàgì sìmẹ́ńtì 600 ńkọ́? Ní òkè kan náà, tirẹ̀ tó láti mú omi tó ju lítà 130 lọ hó. Má sì gbàgbé pé mítà 100 péré ni mo fi ṣírò.

Ọkọ̀ tó bá ti ọ̀nà Èkìtì tàbí Àkókó dé, tí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé bíréèkì rẹ̀ ń gbọ̀n, mo máa ń mọ ohun tí mo máa bá kí n tó tú taya rẹ̀. Irin dísìkì á ti yí àwọ̀ padà, á máa ṣe bíi búlúù. Ojú páàdì á ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò ní lè di irin mú mọ́. Awakọ̀ á ní páàdì tí wọ́n tà fún òun ni kò dáa. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, ayédèrú páàdì pọ̀ lọ́jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé jíà wo ló fi sọ̀ kalẹ̀, á ní D ni, tàbí kó ní òun fi sí fíríì. Ìdáhùn méjèèjì yìí máa ń bà mí nínú jẹ́, torí àwọn ọmọ máa ń wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti fíríì, torí wàá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, àní lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ nídìí sítíárì. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bí 500 lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì tún gòkè sí i lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹni tí kò wá bó ṣe máa ṣọ́ epo lò. Àwọn awakọ̀ á dé orí òkè, wọ́n á yọ jíà, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú epo. Nígbà tí kábúrétọ̀ ṣì wà lórí ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ọkọ̀ tìrẹ kò ní kábúrétọ̀. Bí jíà bá wọlé, tí o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, taya ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á sì dá epo dúró pátápátá. Bí o bá fi sí fíríì, ẹ́ńjìnnì ní láti jó epo kó má baà kú. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi sí fíríì láti ṣọ́ epo ń jó epo tí kò yẹ kó jó, ó sì ti tú ohun kan ṣoṣo tó lè bá bíréèkì di ọkọ̀ mú sílẹ̀.

Àwọn kan burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì. Má ṣe é láéláé, Àdùkẹ́. Agbára ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ́ kí bíréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wàá rí i tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn á le gan, bí o tilẹ̀ fi gbogbo ara dìde lé e. Sítíárì náà á wúwo. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì yí kọjá ibi tó yẹ, sítíárì lè tì pa níbi tí kọ́nà wà níwájú rẹ.

Ohun tí wàá máa ṣe rèé. Jíà tí o máa fi gun òkè, òun gan-an ni kí o máa fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Kí o sì mú un kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀, ní orí òkè lókè níbẹ̀, nígbà tí eré ọkọ̀ ṣì kéré. Bí o bá dúró dìgbà tí ọkọ̀ ti ń já lọ, jíà kékeré lè má fẹ́ wọlé mọ́, bó bá sì wọlé, ọkọ̀ á já ọ síwájú, ẹ́ńjìnnì á ké, ẹ̀rù á sì bà ọ́. Jíà ọ́tò ni tìrẹ, mo mọ̀, àwọn èèyàn sì rò pé ẹni tó ní ọ́tò kò ní nǹkan kan láti ṣe ju D lọ. Wo ara jíà náà dáadáa. Corolla púpọ̀ ní 2 àti L nísàlẹ̀ D, òmíràn ní 3, òmíràn ní bọ́tìnnì O/D lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn kò fi wọ́n síbẹ̀ fún ẹwà. Bí òkè bá rọra tẹ̀, pa O/D tàbí kí o mú 3. Bó bá dà gẹ̀rẹ́ gan-an tí kọ́nà sì pọ̀, mú 2. L wà fún ibi tó dà bíi pé ọkọ̀ fẹ́ ṣubú lu imú. Wàá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń kùn sókè ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Má bẹ̀rù, kò ní bàjẹ́, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń di ọkọ̀ mú fún ọ láìjẹ́ kí nǹkan kan gbóná lẹ́sẹ̀ taya.

Bíréèkì ńkọ́? Wàá ṣì lò ó, àmọ́ olùrànlọ́wọ́ ni. Má gbé ẹsẹ̀ lé e kí o sì fi í síbẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn ló ń jó páàdì. Mú eré kan lọ́kàn tó bá ọ̀nà náà mu, ká ní 50. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kọjá 50, tẹ bíréèkì gírígírí títí yóò fi wá sí 40, kí o wá tú u sílẹ̀ pátápátá, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bó bá tún dé 50, tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí i pé lemọ́lemọ́ lo ń tẹ̀ ẹ́, jíà rẹ ṣì tóbi jù, sọ ọ́ di kékeré sí i. Rántí pé ẹni tó ń sá 80 kò ní ìlọ́po méjì wàhálà ẹni tó ń sá 40, ìlọ́po mẹ́rin ni, torí bí agbára inú eré ṣe ń pọ̀ nìyẹn.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi mekáníìkì wọn: ọ́ìlì bíréèkì. Wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, wọ́n á pààrọ̀ páàdì, ọ́ìlì bíréèkì á wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti wà lókè òkun. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí ooru rẹ̀ á fi tó 205 lórí ìwọ̀n Celsius ó kéré tán. Bó bá ti fa omi mọ́ra, ó lè hó ní 140. DOT 4 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 230 ni tirẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ tuntun, 155 nígbà tó bá ti gbó. Bó bá hó, èéfín á yọ nínú páìpù rẹ̀. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, èéfín ṣeé fún pọ̀. O máa tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ á sì lọ bá ilẹ̀ láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà yìí ni awakọ̀ máa ń pariwo pé bíréèkì já, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó já níbẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ti Corolla yẹn kó tó di pé o gbé e kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, kódà bí ẹni tó tà á fún ọ bá búra pé ó ti pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn tírélà ló ń jẹ́ kí àyà mi máa já jù. Ní January 2021, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, ọkọ̀ ńlá kan tó kó sìmẹ́ńtì já wọ àárín èèyàn ní Àkùngbá-Àkókó, níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ó sì pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ. Àwọn tó mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ wọ ìlú náà ni. Ní Èkó wa níbí, o ṣì kéré sí i nígbà tí táńkà epo ṣubú lórí bíríìjì Ọtẹ́dọlá ní June 28, 2018, lẹ́yìn tí bíréèkì rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Èèyàn kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 ló sì jóná. Lójú tèmi, ẹ̀bi kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ẹni tó ni ọkọ̀, tó rù ú ju agbára rẹ̀ lọ, tí kò ra páàdì, tó sì ń sọ fún awakọ̀ pé kó tètè dé, ó wà nínú ẹ̀bi náà. Ìjọba tó mọ̀ pé ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ wọ àárín ọjà tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, tí kò ya ọ̀nà mìíràn fún ọkọ̀ ńlá, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ṣeé ṣe láti ya ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní Tógò, lójú ọ̀nà Lomé sí Kara, ọ̀nà tó gba Atakpamé tí àwọn ará wa Ifẹ̀ wà kọjá, ibì kan wà tó ń jẹ́ Alédjo tí wọ́n la àpáta sí méjì kí ọkọ̀ tó ráyè gbà á kọjá. Ọkọ̀ ẹrù ń já níbẹ̀ léraléra, títí ìjọba wọn fi ṣe ọ̀nà mìíràn yí òkè náà ká. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbẹ́ ọ̀nà kan tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ tó jìn sínú rẹ̀, kí tírélà tí kò ní bíréèkì mọ́ lè yà síbẹ̀ kó sì rì dúró. Àwa náà lè ṣe é. Ìjọba Èkìtì, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ní òkè tó pọ̀ tó láti gbà á rò.

Àwọn kan á ní a ti fi ohun tó ń dín eré kù sára ọkọ̀ èrò àti tírélà láti October 2016 tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ní kí wọ́n máa lò ó. Nǹkan tó dáa ni, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n epo ló ń sé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó ń já lọ lórí òkè kò nílò epo kankan láti sáré, nítorí náà ohun yẹn kò lè dá a dúró. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

O rántí orúkọ Cummins tó máa ń wà lára jẹnẹrétọ̀ ńláńlá? Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ni Clessie Cummins. Ní 1931, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísù gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Cajon Pass, ní California, bíréèkì kò dáhùn mọ́, ọkọ̀ ojúurin sì ń kọjá níwájú wọn. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n kọlù ú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn ọkùnrin náà. Ó pẹ́, ó ronú, ó sì wá ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì tírélà fúnra rẹ̀ á fi máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Jacobs bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1961. Bí o bá gbọ́ tí tírélà tuntun ń ṣe gbà-gbà-gbà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, òun ni. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ọgbọ́n tí mo ní kí o lò nínú Corolla, òun náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì gbẹ́kẹ̀ lé.

Fún tìrẹ, má ṣe wà níwájú tírélà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, wá ibi tó fẹ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹ́ kó kọjá lọ. Bó bá wà níwájú rẹ, jìnnà sí i. Nígbà òjò, tàbí láàárọ̀ tí kùrukùru bá bo títì, ṣe ohun gbogbo jẹ́jẹ́ ju ti ìgbà ẹ̀rùn lọ: má sọ jíà di kékeré lójijì nínú kọ́nà tó tutù, torí taya lè yọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá di pé o tẹ bíréèkì tí kò dáhùn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má pa ẹ́ńjìnnì, má sì fi sí fíríì. Máa tẹ bíréèkì lọ́pọ̀ ìgbà kíákíá, ó lè padà wá. Sọ jíà di kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fa hándíbíréèkì díẹ̀díẹ̀, má fà á tán lẹ́ẹ̀kan kí ọkọ̀ má baà yí po. Fun fèrè, tan iná kí gbogbo èèyàn rí ọ. Bí ibi tó gòkè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí yanrìn, tàbí igbó tútù, lọ síbẹ̀. Kí ara ọkọ̀ fi ara gbo ògiri òkè sàn ju kí o dojú kọ ọ̀gbun. Tí o bá ti ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó kó tó di bẹ́ẹ̀, wá ibi gbalasa, dúró, jẹ́ kí bíréèkì tutù fúnra rẹ̀. Má da omi sí i, irin gbígbóná lè sán.

Màámi ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí o má gbàgbé iṣu Èkìtì tí o ṣèlérí. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe sọ fún gbogbo àdúgbò pé o ti ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Àwọn ọmọ mi ń béèrè ìgbà tí Àǹtí wọn máa dé.

Jọ̀ọ́, bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, lọ sídìí ọkọ̀ náà, wo àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára jíà rẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Màá sọ fún ọ èyí tí wàá mú ní Ẹ̀rìnmọ̀ àti èyí tí wàá mú ní Ìtàwúrẹ́. Má gbé e jáde kúrò nínú ìlú kí n tó dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àkànní.